Ohùn Tó Há Sẹ́nu Ọ̀nà

Sípánà táyà wà lábẹ́ ẹ̀wù òjò Yu Hsiu-chih, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Ó dúró lábẹ́ igi kan níwájú ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ní Kaohsiung, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan ló ń retí. Tien Jung-fa lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ èbúté. Àárọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ gba onídùúró rẹ̀.

Hsiu-chih ti yan ibi tó máa là á sí. Orí ni.

Awakọ̀ tírélà ni Hsiao Ping-nan, ọkọ rẹ̀, bí òun náà ṣe jẹ́ awakọ̀ tírélà. Lọ́jọ́ tó kú, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà èbúté láti tú ìdè kọ́ńténà kan tó há. Ẹ̀rọ agbẹ́rù gbé kọ́ńténà mìíràn bọ̀ lókè. Kò sí awakọ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Ping-nan rí i. Ó lọ tẹ bọ́tìnì pupa tó wà lára òpó. Bọ́tìnì náà ló ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á fun fèrè, ẹ̀rọ á dúró. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbà pé wọ́n ti gbọ́, ó padà sídìí ìdè rẹ̀.

Nígbà tí fèrè máa dún, ó ti wà lábẹ́ irin.

Gbogbo ayé ló sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló falẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Àbúrò, sípánà yẹn wúwo. Gbé e sílẹ̀ kí apá rẹ sinmi."

Hsiu-chih yíjú. Obìnrin kan tó ti hu ewú ló dúró tì í, ó gbé agboòrùn dání, ó sì fi okùn gbé ìgò tíì kọ́ èjìká.

"Ta ni yín?"

"Chuang Yueh-e. Mo ti ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ọlọ́pàá rí. Ẹgbẹ́ awakọ̀ yín ló bẹ̀ mí sí ọ̀ràn ọkọ rẹ."

"Ọ̀ràn wo? Ọ̀ràn ti parí. Ẹni tó ṣe é ń jáde bọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni kò sọ ọ́?"

"Èmi ò tíì sọ ọ́." Yueh-e ṣí ìgò, ó mu tíì díẹ̀. "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí o bá gé òmíràn, ìka tó ṣẹ̀ á máa jẹun lọ. Fún mi láyè di ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ òun ni, màá wo apá ibòmíràn."

Ilẹ̀kùn ṣí. Tien jáde. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bàtà rẹ̀ kò ní okùn, wọ́n ti yọ ọ́ nínú àtìmọ́lé. Ó rí Hsiu-chih, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó tẹ orí ba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dọ́gba.

"Ìyàwó Hsiao, ẹ dákun. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi kò falẹ̀."

Hsiu-chih tutọ́ síwájú bàtà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára sípánà. Kò fà á yọ.

"Di ìrọ̀lẹ́," ó wí fún obìnrin náà. "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

*

Iyàrá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà tutù bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin tò sínú àgbékà irin kan. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rá ìpápánu àgbàdo aláwọ̀ ewé wà.

Hsiu-chih tẹ̀lé Yueh-e wọlé. Ènìyàn mẹ́ta ló ń dúró dè wọ́n. Ọ̀gá Ko ni olórí ẹ̀ka náà, ẹni tó kàwé lókè òkun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé. Lai Kuo-shu ni ẹni tó kọ ètò tó ń gbọ́ bọ́tìnì pupa, tó sì ń dá àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù dúró. Ẹni kẹta ni Màmá Pao, tí kọ́kọ́rọ́ iyàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ náà kò le," Ko bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kúrò níbi bọ́tìnì, ó pẹ́ kó tó dé. Kí ló wà láàárín bọ́tìnì àti ètò? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó tán."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó pẹ́?"

Lai ló dáhùn. Ohùn rẹ̀ rọra. "Ètò mi máa ń kọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ti ọjọ́ yẹn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Ètò mi kò ṣubú lọ́jọ́ náà, kò kú, kò kígbe. Bí lẹ́tà bá pẹ́, ẹni tó gbé e ni ká bi."

"Bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ yẹn?"

"Kò lo tó ìdajì agbára rẹ̀," Ko wí. "A ti wo ìyẹn."

Hsiu-chih wo Yueh-e. Ó rò pé òun ti gba ìdáhùn òun. Ṣùgbọ́n orí àgbékà ni obìnrin náà ń wò.

"Màmá Pao, èwo nínú wọn ló ń darí ẹ̀rọ agbẹ́rù?"

"Ìkẹta láti òkè."

"Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rá yìí wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fọn fèrè. Ti ìkẹta rún. Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Màmá Pao súnmọ́ ọn, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣorí kunkun ni? Lọ́jọ́ tí mo gbé gbogbo wọn síbẹ̀, wọ́n wú. Inú páálí kan náà ni mo ti kó wọn. Mo bẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pé kó jókòó jẹ́jẹ́, nítorí ohun tí orúkọ ìpápánu náà túmọ̀ sí nìyẹn; bí ọjọ́ ara rẹ̀ bá pé, mo máa ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀."

Ko rẹ́rìn-ín. "Ìpápánu ọmọdé! Ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣé ohun tí a gbé yín wá wádìí nìyí? Ẹ bu díẹ̀ jẹ, adùn àgbọn wà nínú rẹ̀."

"Ọ̀gá Ko, ẹ rọra," Màmá Pao sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ń gbọ́."

"Bóyá ooru inú ẹ̀rọ ló rún un," Lai wí.

"Ooru a máa mú ọ̀rá wú ni," Yueh-e fèsì. Ó fi ìka kan ṣoṣo yí ọ̀rá náà. Àgbàdo inú rẹ̀ ti di lúbúlúbú. "Èyí ti wà níbi tó há. Inú àpò, tàbí abẹ́ ìwé. Ẹnìkan mú un lọ, ó sì mú un padà wá."

Afẹ́fẹ́ tútù ń hó nínú ihò ògiri.

*

Wọ́n jókòó sínú tírélà Hsiu-chih, wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú páálí. Hsiu-chih kàn ń fi igi ìjẹun ro tirẹ̀ ni.

"Ọ̀rọ̀ ìpápánu lẹ fi ń fi àkókò mi ṣòfò. Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀."

"Jẹun. Ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san gbọ́dọ̀ jẹun." Yueh-e na igi ìjẹun rẹ̀ síta. "Bí tírélà bá tò lọ títí dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, kí ni wàá sọ?"

"Ọ̀nà ti dí."

"Bí ọ̀nà bá dá ńkọ́? Tí gbogbo yín ti dé inú ọgbà, tí ẹ wá tò sẹ́nu géètì, tí ẹ kò rìn?"

"Onígéètì ló ń sùn. Màá fun fèrè mọ́ ọn lórí."

"Ó dára. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ yẹn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Unix ni. Ó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ètò kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á tò ó sílẹ̀, á sì dúró de ètò kó wá mú un. Nọ́ńbà méjì ló máa ń fi hàn. Ọ̀kan ni ohun tó ti wọlé tí ètò kò tíì mú. Èkejì ni ohun tí ètò ti fi ránṣẹ́ tí ẹni ọ̀ọ́kán kò tíì gbà. Bí ìkejì bá ga, fura sí ọ̀nà, tàbí sí ẹni ọ̀ọ́kán. Bí ìkíní bá ga, ọ̀nà kò jẹ̀bi. Onígéètì ló sùn."

"Lai ní ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó dé."

"Lai ní ó pẹ́ kó tó tẹ ètò òun lọ́wọ́. Gbọ́ ọ dáadáa. Ètò kì í kọ ìgbà tí lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó bá mú un ló ń kọ. Bí lẹ́tà bá sùn sẹ́nu ọ̀nà di ọ̀la, yóò kọ ọ́ pé ọ̀la ló dé. Ohun tó wà ní ìlà lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó wò ó, kò sì sí mọ́ lónìí."

Hsiu-chih gbé páálí oúnjẹ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ohùn ọkọ mi lè ti dé?"

"Ó lè ti dé. N kò tíì mọ̀. Ẹni tó bá ṣe é kò ní fẹ́ ká mọ̀, ibẹ̀ sì ni màá ti mú un."

Màmá Pao kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ń wẹ̀yìn wò bí olè.

"Nǹkan kan wà tí n kò lè sọ níwájú wọn. Oúnjẹ ìparí ọdún wa. Adìẹ wà lórí tábìlì, odindi, pẹ̀lú orí rẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé ẹni tí orí adìẹ bá kọjú sí lọ́jọ́ yẹn, wọ́n máa lé e níṣẹ́. Ọ̀gá Ko kò ka irú rẹ̀ sí, ó kàn gbé e sílẹ̀. Tien wá yí àwo náà, ó yí i títí orí fi kọjú sí Ọ̀gá Lai. Ó ní, 'Ọ̀gá Lai, adìẹ ń kí yín.' Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ko rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀."

"Lai ńkọ́?"

"Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò kí Tien mọ́."

Yueh-e dé páálí oúnjẹ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ọ̀rọ̀ kan káàkiri ọ́fíìsì fún mi. Ẹ ní lọ́sàn-án yìí Tien ń bọ̀ wá fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ hàn níwájú ọlọ́pàá. Wọ́n á kó gbogbo ènìyàn kúrò nínú ọgbà, wọ́n á tẹ bọ́tìnì. Bí fèrè bá dún lójú ẹsẹ̀, Tien dòmìnira, ètò Lai ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wò. Bí kò bá dún, Tien padà sí àtìmọ́lé."

Nígbà tí Màmá Pao lọ, Hsiu-chih fi ọwọ́ gbá síárín. "Bó bá jẹ́ Lai ni, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan! Ó máa dákẹ́."

"Bó bá dákẹ́, fèrè á dún, Tien á lọ sílé, àwa á sì dojú kọ ètò rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ẹ̀bi dúró lórí Tien, àfi kó tún un ṣe. Ọ̀tá rẹ̀ á dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀san á sì wà níkàáwọ́ rẹ̀." Ó wo sípánà tó wà lẹ́sẹ̀ Hsiu-chih. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o lè dákẹ́?"

Hsiu-chih ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

*

Wọ́n ti kó gbogbo ènìyàn kúrò nínú ọgbà. Hsiu-chih nìkan ló dúró lẹ́bàá òpó. Wọ́n ti fọ ilẹ̀ ibẹ̀, síbẹ̀ ó mọ ibi tó jẹ́. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ń lọ ń bọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó ń gbé kọ́ńténà tó ṣófo. Fóònù wà létí rẹ̀. Yueh-e ló ń sọ̀rọ̀ láti iyàrá kọ̀ǹpútà.

"Nọ́ńbà méjèèjì wà lójú mi. Òdo, òdo. Tẹ̀ ẹ́."

Hsiu-chih tẹ bọ́tìnì pupa.

Fèrè kò dún. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ń lọ.

Oòrùn mú un lórí. Ó tún un tẹ̀. Báyìí ni Ping-nan ṣe dúró. Báyìí ló ṣe yíjú padà pẹ̀lú ìgbàgbọ́.

"Kò dún! Ẹ̀gbọ́n, kò dún! Tien ni! Mo ti sọ fún yín pé Tien ni!"

"Tẹ̀ ẹ́ sí i."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ó gbá a, ó gbá a.

"Àbúrò, gbọ́ mi." Ohùn Yueh-e kò ga, kò rẹlẹ̀. "Bí o bá ti ń tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà ìkíní ń gòkè. Ìkejì kò kúrò ní òdo. Ọ̀nà dá. Ohùn rẹ ń dé, gbogbo rẹ̀ ló ń dé. Ó ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ti mú onígéètì sùn."

Hsiu-chih yọ ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnì.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ping-nan ṣe dé?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Mò ń bọ̀."

Tírélà rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ó dúró níbẹ̀, ó mú sípánà.

*

Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, Lai ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti rí i fúnra yín! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Ètò mi kò kú, ẹ wò ó, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀," Yueh-e wí. "Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sọ pé wọ́n dá a dúró. Kò kú, kò sì ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkan pàṣẹ fún un pé kó dúró bí òkúta. Bí ẹni náà bá tún pàṣẹ pé kó máa lọ, á jí, á kó gbogbo ohun tó wà ní ìlà, á sì kọ ọ́ pé ìsinsìnyí ni wọ́n dé. Nígbà náà Tien á di ọ̀daràn lẹ́ẹ̀kejì."

Ko súnmọ́ kọ̀ǹpútà. "Ta ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀?"

"Orúkọ ìwọlé kan náà ni gbogbo yín ń lò. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ yín yàtọ̀. Ẹ wo orí ẹ̀rọ kẹta."

Wọ́n wò ó. Ọ̀rá ewé mẹ́ta ló wà lórí àgbékà. Orí ìkẹta ṣófo.

"Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, ó wà níbẹ̀," Yueh-e ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ ya ìyàkuyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ohun tó ń mú un jókòó jẹ́jẹ́ kúrò. Tien wà láàárín ọlọ́pàá méjì láti ìgbà tó ti wọ géètì. Ọ̀gá Ko, ẹ̀yin kò gbà á gbọ́."

"Kí ni màá fi ìpápánu ṣe?"

"Gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin ì bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Màmá Pao gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò mọ irú àṣẹ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló sì wà. Ó ku ẹni tó mọ àṣẹ náà, tó sì gbà á gbọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní lè da ọ̀rá náà nù. Ó fẹ́ dá a padà lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí ó fẹ́ kí ètò òun tún jókòó jẹ́jẹ́. Bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ sí nìyẹn, tí gbogbo àgbàdo inú rẹ̀ fi rún. Ọ̀gá Lai, ẹ ṣí báàgì yín."

Lai fa báàgì mọ́ àyà. Gbogbo iyàrá gbọ́ bí ọ̀rá ṣe dún nínú rẹ̀.

Ọlọ́pàá kan gba báàgì náà. Ó fa ọ̀rá aláwọ̀ ewé yọ.

"N kò mọ̀ pé ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀," Lai wí. "Mo fẹ́ kí fèrè pẹ́ díẹ̀ ni, kí wọ́n lè dá Tien lẹ́bi, kí wọ́n lé e. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ orí adìẹ sí mi! Níwájú gbogbo ènìyàn!"

"Àwàdà ni," Tien wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀gá Lai, àwàdà ni mo ṣe."

"Ẹ̀yin ló rẹ́rìn-ín!"

Hsiu-chih ti wọ àárín wọn. Wọ́n rí sípánà. Ọlọ́pàá kan fẹ́ gbéra, Yueh-e fi ọwọ́ dá a dúró.

Hsiu-chih gbé irin náà sókè. Lai fi ọwọ́ méjèèjì bo orí rẹ̀. Irin wálẹ̀, ó dún gbàgà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí Lai ti lè rí i dáadáa.

"Jí i," ó wí.

"Kí ni?"

"Ètò rẹ. O mú un sùn, ìwọ ló máa jí i. Màá wò ọ́."

Lai jókòó. Ìka rẹ̀ ń ṣi bọ́tìnì tẹ̀, ó pa ohun tó kọ rẹ́, ó tún un kọ. Hsiu-chih wo nọ́ńbà ìkíní. Ó ga. Lai tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nọ́ńbà náà já wálẹ̀ sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà.

Níta, nínú ọgbà tí kò sí ènìyàn, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dún, ó dún, ó tún dún, gbogbo ìgbà tí Hsiu-chih ti tẹ bọ́tìnì ló ń dún. Hsiu-chih dúró títí fèrè fi dákẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ mi ṣe dún," ó wí. "Nígbà tí kò wúlò mọ́."

Ó yíjú sí Tien. Ó wo bàtà rẹ̀ tí kò ní okùn. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ gbé ohùn ọkọ mi dé," ó wí. "Mo dúró dè ọ́ láàárọ̀ yìí láti là ọ́ lórí. Má bínú." Tien tẹ orí ba.

Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Lai lọ́wọ́, wọ́n ń mú un jáde. Hsiu-chih dí ẹnu ọ̀nà. Ó gba ọ̀rá àgbàdo lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

"Ẹ̀rí ni," ọlọ́pàá náà wí.

"Ẹ jẹ́ kó kàn wò ó."

Ó gbé e sí ojú Lai, ó fi àtàǹpàkò tọ́ka sí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí oúnjẹ náà máa bàjẹ́.

"O rí ọjọ́ yìí? Ẹ̀wọ̀n ni wàá wà nígbà tó bá pé. Má mikàn. Màá mú tuntun wá bá ọ. Aláwọ̀ ewé. Màá gbé e ka iwájú rẹ, màá ní kí o jókòó jẹ́jẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, màá tún mú òmíràn wá. O kò ní lè dà á nù. Ìwọ sáà gbà á gbọ́."

Lai yí ojú kúrò lára ọ̀rá náà.

Hsiu-chih kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè kọjá. Ó mú sípánà rẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ fi í sábẹ́ àga tírélà, níbi tí Ping-nan máa ń fi í sí. Lẹ́yìn náà ó ṣíná ọkọ̀, ó lọ tò sẹ́nu géètì bí àwọn yòókù.